Ìtàn Ìwé Ìlera Tí Ajá Fi Ń Sọdá Òkun

Ajá ti bá ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìlú kan, ìbáà ṣe ààfin ọba tàbí ahéré oko, tí a kò ti máa ròyìn rẹ̀: òun ni ọdẹ ń pè kí ó tó pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ nígbà tí ewu bá dé nínú igbó, òun ni a fi ń bọ Ògún lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, òun náà sì ni àwọn àgbà sọ di akọni nínú àlọ́, bí ti ajá mẹ́ta ọdẹ nì, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, tí wọ́n gba olúwa wọn lọ́wọ́ ikú. Láyé ìgbà náà, bí olówó ajá bá ń lọ láti Ìbàdàn sí Ìlọrin, tàbí tí ó ń ti Kétu bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta, ajá a kàn tẹ̀ lé e ni. Fèrè ọdẹ nìkan ni àṣẹ tí ó mọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Oníbodè kò ní ìwé tí yóò bi ajá, nítorí ẹni tí ó ni ajá pàápàá kò ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ayé ti yí kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Command, àdúgbò ńlá tí ó wà lẹ́bàá Ìpájà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó kò ní nínú ìkànìyàn náà, ó ṣòro kí ènìyàn rin òpópónà kan já kí ó má gbọ́ gbígbó ajá lẹ́yìn géètì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ajá ilẹ̀ wa, àwọn tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bíńgò. Àwọn mìíràn jẹ́ ìran Alsatian tàbí Boerboel tí a fi owó gọbọi rà láti máa ṣọ́ ilé. Nígbà tí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, Toronto tàbí Houston bá wá là fún onílé, tí ó ta àga, tí ó ta mọ́tò, tí ó sì gba físà fún ìyàwó àti ọmọ, àwọn ọmọ a fárí gá pé ajá tí ó bá àwọn dàgbà kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni baba yóò ti mọ̀ pé ajá náà ní ìwé tirẹ̀ láti gbà, àti pé oṣù tí ìwé ọ̀hún ń gbà lè pọ̀ ju oṣù tí físà gbà lọ.

Àwọn kan a máa sọ pé ṣe ni òyìnbó dá ìwé yìí sílẹ̀ láti fi ni wá lára. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ikú ni ó bí ìwé náà, ìbẹ̀rù ni ó fún un lọ́mú, ìmọ̀ ìṣègùn ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa yóò sì rí i pé àwa gan-an ni ó yẹ kí a dì í mú ṣinṣin ju àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ.

Ikú tí mo ń wí ni àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní dìgbòlugi. Ajá tí ó ń ju ìrù sí olúwa rẹ̀ lánàá yóò ṣàdédé di òǹrorò lónìí, itọ́ yóò máa ṣe gbọ̀ngbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, yóò máa rìn kiri láìmọ ibi tí ó ń lọ, yóò sì máa bu ènìyàn, ewúrẹ́ àti igi jẹ. Ẹni tí ó bá sì bù jẹ, tí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀rù omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, adáhunṣe kò rí i ṣe, dókítà kò rí i ṣe, ibojì ló kù. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ní ìlú Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá ti bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ tí ó máa ń dènà àrùn náà kí ó tó dé ọpọlọ, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni aráyé ti mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gidigidi kí àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà láti fi abẹ́rẹ́ nìkan ṣe ẹ̀rí fún ajá àlejò.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, tí òkun yí ilẹ̀ wọn ká, ọ̀nà líle ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ní ọdún 1897, Walter Long, mínísítà wọn tí ó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, pàṣẹ pé ní àwọn agbègbè tí àrùn náà ti ń jà, ajá kankan kò gbọdọ̀ jáde sí ìgboro láìjẹ́ pé a fi ìdè bò ó lẹ́nu, ó sì fi òfin dí ẹnu ibodè mọ́ ajá tí ń ti òkèèrè bọ̀. Àwọn olówó ajá bínú, wọ́n pariwo, wọ́n sì bú u, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 1902, dìgbòlugi ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Òfin àhámọ́ oṣù mẹ́fà fún gbogbo ajá àlejò sì fìdí múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń parí lọ ní 1918, àrùn ọ̀hún tún yọjú, ohun tí a sì gbà gbọ́ ni pé àwọn ajá tí àwọn ọmọ ogun fi pamọ́ wọlé láti ojú ogun ni wọ́n gbé e dé. Ó di ọdún 1922 kí wọ́n tó tún rí i lé jáde. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́: ajá kan ṣoṣo tí a fi ẹ̀wù bò wọlé lè sọ iṣẹ́ ogún ọdún di òfo.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́ fún ajá tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà gbéra. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ìfìwéránṣẹ́ ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ń gbé èrò láti Èkó, Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, lọ sí Liverpool, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn àjò náà fún ènìyàn; ṣùgbọ́n ajá tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́fà gbáko ni yóò lò nínú àgò, láàrin àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ó tó tún rí olúwa rẹ̀ ní òmìnira. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń rí òpin àjò bẹ́ẹ̀. Ìran ajá Basenji, ajá àárín gbùngbùn Áfíríkà tí kì í gbó bí ajá yòókù, ni ẹlẹ́rìí èyí: àwọn tí a kó dé Gẹ̀ẹ́sì ní 1895 kú ní kété tí wọ́n dé, mẹ́fà tí Lady Helen Nutting kó ti ilẹ̀ Sudan bọ̀ ní 1923 kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí a fún wọn nítorí àrùn distemper, ó di ìgbà tí Olivia Burn kó àwọn mìíràn wá láti ilẹ̀ Kóńgò, tí ó sì fi wọ́n han aráyé níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní 1937, kí ìran náà tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà kò tíì pé, ìwé kò sì ju ẹ̀rí pé ajá ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán.

Níbi tí a dé yìí, ọdún 1924 yẹ ní kíkíyèsí. Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, àwọn màlúù abuké tí a ń kó láti ilẹ̀ Íńdíà lọ sí Brazil gba èbúté Antwerp kọjá ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì tú àrùn rinderpest, àjàkálẹ̀ tí ó máa ń pa màlúù bí ẹni gbálẹ̀ nígbà náà, sí ilẹ̀ náà. Ìdààmú yìí ni ó mú kí orílẹ̀-èdè 28 péjọ ní Paris, ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1924, láti dá àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí OIE tẹ́lẹ̀, tí à ń pè ní WOAH lónìí. Láti inú àdéhùn wọn ni ìwé ẹ̀rí ìlera ẹran láti ìjọba kan sí èkejì ti rí ẹsẹ̀ dúró, kí ọ̀rọ̀ dókítà ẹran ní ìlú kan lè jẹ́ òtítọ́ lójú dókítà ẹran ní ìlú mìíràn. Ní ọdún 1924 yìí kan náà, nítorí rinderpest kan náà, ni ìjọba amúnisìn dá ilé ìwádìí Vom sílẹ̀ ní orí òkè Plateau, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ó sì di 1925, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dìgbòlugi wà nínú ajá ilẹ̀ yìí. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó ní Paris láti kọ òfin ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí ìwé náà yóò máa jẹ́rìí sí ti ń jó bí iná lọ́dọ̀ tiwa níbí.

Láti Vom ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí a ṣe nílẹ̀ wa ti ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní 1963, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì di ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìlera ẹran. Òfin ọdún 1988 lórí ìkáwọ́ àrùn ẹran wá là á sílẹ̀ pé ẹran kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí tàbí kí ó jáde kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service, tí òfin ọdún 2017 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni ó ń ṣọ́ ẹnu ibodè lórí ọ̀rọ̀ yìí lónìí, títí kan pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ fún ìrìn àjò òkèèrè ṣí ní 1979.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, àhámọ́ oṣù mẹ́fà pàápàá fi hàn pé kò tó. Ní 1969, ní ìlú Camberley, ajá kan tí ó ti ilẹ̀ Jámánì bọ̀, tí ó sì ti parí oṣù mẹ́fà rẹ̀ láìlábùkù, ya dìgbòlugi lẹ́yìn tí a tú u sílẹ̀ tán, ó sì bu ènìyàn jẹ; jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú, a yìnbọn pa àwọn ẹranko inú igbó àyíká, òfin ọdún 1974 sì tún le sí i. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ń wí pé àgò kọ́ ni ó ń pa àrùn, abẹ́rẹ́ ni. Bí a bá sì lè fi ẹ̀jẹ̀ ajá hàn pé abẹ́rẹ́ náà ti ṣiṣẹ́, kí ni àǹfààní ẹ̀wọ̀n? Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2000, ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ fún ajá àti ológbò láti àwọn ilẹ̀ kan ní Yúróòpù: a ó fi ṣíìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ ọrùn rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ yóò jẹ́ orúkọ tí kò lè parẹ́, a ó fún un ní abẹ́rẹ́, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, yóò sì wọlé láìsí àhámọ́. Ṣùgbọ́n ajá Nàìjíríà kò sí nínú ètò náà. Ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012 kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú oṣù mẹ́fà náà kúrò lórí ajá tí ó ti ilẹ̀ bíi tiwa bọ̀, bí ìwé rẹ̀ bá pé.

Àyípadà ọdún 2012 yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé di mú, nítorí òun ni ó gbé ìdúró kúrò nínú àgò ilẹ̀ àjèjì wá sínú àgbàlá wa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ajá tí yóò lọ láti Command sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran àdúgbò ni àjò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣíìpù olóòńkà 15 ni a ó kọ́kọ́ fi sí i lára, nítorí abẹ́rẹ́ tí a bá gún ṣáájú ṣíìpù kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin, nígbà tí a kò ti lè sọ dájú pé ajá yìí gan-an ni a gún un fún. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí ajá gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá láyé kí ó tó gbà. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni a ó gba ẹ̀jẹ̀, tí a ó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí Yúróòpù fọwọ́ sí, irú èyí tí ó wà ní Nancy ní ilẹ̀ Faransé. Bí agbára tí abẹ́rẹ́ dá sínú ẹ̀jẹ̀ bá tó 0.5 IU nínú mìlílítà kan, èsì náà dára. Síbẹ̀ ajá kò tíì lè lọ: oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀, kí ó lè dájú pé àrùn kò sá pamọ́ sínú ara rẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọjọ́ àjò bá súnmọ́ etílé ni dókítà ẹran ìjọba yóò yẹ ẹ́ wò, tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìlera rẹ̀, ìwé náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kí ajá tó dé ibodè Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn aràn pàápàá ní wákàtí tirẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 24, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 120 lọ kí ó tó wọlé. Àgò tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ó lè dìde, kí ó yí padà, kí ó sì nà gbalaja. Ẹni tí ó bá ka gbogbo èyí pọ̀ yóò rí i pé oṣù mẹ́rin ni ó kéré jù, ẹni tí ó bá sì dúró di ìgbà tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kí ó tó wá dókítà ẹran lọ, ajá rẹ̀ ni yóò gbé ilé.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà náà kò rọrùn. Ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè náà, CDC, rí ajá tí ó lé ní 450 tí wọ́n kó dé láti òkèèrè pẹ̀lú ayédèrú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2021, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀: ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù, ìjọba ilẹ̀ tí ó ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀, pápákọ̀ òfurufú díẹ̀ tí wọ́n yàn nìkan ni ó sì lè gbà wọlé, èyí tí kò bá ní èsì ẹ̀jẹ̀ yóò lo ọjọ́ 28 nínú àhámọ́. Ẹ kíyèsí i pé òfin yìí kò ti ọ̀dọ̀ ajá wá. Ọwọ́ ènìyàn tí ó kọ irọ́ sórí ìwé ni ó fà á, ajá olóòótọ́ sì ń jẹ ìyà rẹ̀ títí di òní.

Ajá nìkan kọ́ ni ohun ọ̀sìn tí ń bá olówó rẹ̀ sọdá òkun; a kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹyẹ náà. Odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ó gbayì ní Ìwó Olódò Ọbà, tí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ pupa bí osùn, ń béèrè ìwé tí ó yàtọ̀ pátápátá. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ àdéhùn CITES lórí ìṣòwò ohun abẹ̀mí, ní 1974, a sì ṣe òfin tiwa lórí àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ run ní 1985. Nígbà tí ìpàdé àdéhùn náà wáyé ní Johannesburg ní 2016, wọ́n gbé odídẹrẹ́ sí ìpele kìn-ín-ní, níbi tí a ti fòfin de ṣíṣòwò ẹyẹ tí a mú nínú igbó láàrin orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ìwé ajá ń bèèrè pé: ṣé ara rẹ dá? Ti odídẹrẹ́ ń bèèrè ṣáájú pé: níbo ni wọ́n ti mú ọ?

Èmi gbà pé ìwé ajá tọ́, mo sì gbà pé ọwọ́ wa ni òtítọ́ rẹ̀ wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò ní mú orúkọ wa kúrò nínú ìwé àwọn ilẹ̀ eléwu nítorí pé a bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí dìgbòlugi bá dínkù ní ìgboro wa ni wọn yóò mú un kúrò. Bí 59,000 ènìyàn ni àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń kó o ran ènìyàn nínú 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kú jẹ́ ọmọdé Áfíríkà àti Éṣíà tí wọn kò ní físà kankan. Àwọn onímọ̀ sì wí pé bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe Alsatian olówó tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni iye yìí wà fún. Bíńgò tí ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Command, tí kò ní wọ bàálù láéláé, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Command, Ìpájà, Ayọ̀bọ̀ àti gbogbo Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ń lọ àti ẹ̀yin tí ń gbé ilé, ẹ mú ajá yín lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yin dókítà ẹran, ẹ má ṣe fi òǹtẹ̀ lu abẹ́rẹ́ tí ẹ kò gún, nítorí orúkọ gbogbo wa ni ẹ ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ tí aráyé yà sọ́tọ̀ fún ogun dìgbòlugi. Ẹ fi ọjọ́ náà gbé abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ wá sí àdúgbò, kí ajá tálákà náà lè gbà á.